Oko Ìrókò Lọ́nà Kuta

Èjìká mi ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Bí ènìyàn bá bi mí bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ igbó ọba, ohun tó ń retí ni ìtàn ẹranko, tàbí ìtàn àwọn tó ń jí gẹdú gé. Ṣùgbọ́n kí ẹnu mi tó là, èjìká mi á ti dáhùn. Omi la rù. A rù ú láàárọ̀, a rù ú nírọ̀lẹ́, àwọn mìíràn nínú wa tún ń rù ú lójú oorun, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí ẹní bí ẹni tó ń gun òkè. Odò wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nọ́sìrì tí a ti ń tọ́ ọmọ igi wà lókè téńté. Ẹni tó tẹ ibẹ̀ dó, ó dájú pé kì í ṣe òun ni yóò pọnmi.

Ọ̀nà Kuta ni ibẹ̀ wà, bí ènìyàn bá ti kúrò ní Ìwó. Nígbà yẹn, abẹ́ Ìbàdàn la ṣì wà. Wọn ò tíì yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́. Ayé sójà ni, ayé tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa tò sórí ìlà, kódà níbi tí kò ti sí ohun tí wọ́n ń pín. Mo ti jáde ilé-ìwé girama, mo sì ti jókòó sílé títí ojú fi ń ti àga fún mi. Nígbà tí a gbọ́ pé ìjọba ń gba àwọn ọ̀dọ́ láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú igbó, pé ẹni tó bá yege yóò wọ káàkì, yóò sì di òṣìṣẹ́ ọba, ìyá mi ní kí n lọ. Èmi ni àkọ́bí. Bàbá mi ti kú. Àwọn àbúrò mi ń jẹun lọ́wọ́ ìyá mi, èmi tí mo ti hu irùngbọ̀n náà sì ń jẹ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìyá mi, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò lè dúró láìsí wọn. Obìnrin agbo ilé wa kì í roko. Wọ́n ń ṣe èlùbọ́, wọ́n ń tajà, bí ìkórè bá dé, wọ́n á lọ ru ẹrù wálé. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi kú, tí oko sì wà níbẹ̀ tí èpò ń bò ó, ìyá mi ṣán aṣọ mọ́ ìdí, wọ́n sì gbé ọkọ́ bàbá mi. Àwọn ará ilé ní kò bá àṣà mu. Ìyá mi ní ebi náà kò bá àṣà mu. Nígbà tí mo fi ń lọ síbi ẹ̀kọ́ igbó, kò sí ọkùnrin kan nílé wa tó mọ èpò jù wọ́n lọ. Bí ìyá mi bá roko tán, ewúrẹ́ á débẹ̀, á wò yíká, á sì yà lọ.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ," ni wọ́n wí. "Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire." Mo ṣe àmín, mo gbé àpótí mi sórí ọkọ̀ tó ń ru àpò ẹ̀gẹ́ lọ sí Kuta.

Ọ̀gá tó ń kọ́ wa jẹ́ àgbàlagbà kan láti ìhà Oǹdó, orí wọn pá, ohùn wọn kì í yára. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n kó wa lọ sábẹ́ igi ìrókò ńlá kan létí igbó. Kùkùté ìrókò mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ̀ tó ibi tí ènìyàn lè tẹ́ ẹní sí.

"Ta ló gbin èyí tó dúró yìí?" ni ọ̀gá bèèrè.

Ọmọkùnrin ará Kuta kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló dáhùn. "Ọlọ́run ni, sà."

"Èyí tó ti di kùkùté ńkọ́, ta ló gé e?"

"Ènìyàn ni, sà."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló ń gbìn, tí gbogbo ayé sì ń gé, ta ni yóò kọ́kọ́ rẹ̀?"

Ará Kuta wo garawa tó tò sílẹ̀ níwájú wa. "Àwa tí a ó pọnmi ni, sà."

A rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọn ò sì mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni ọmọ yẹn sọ. Ọjọ́ yẹn ni èmi àti ará Kuta di ọ̀rẹ́.

A kọ́ oríṣiríṣi. A kọ́ bí a ṣe ń lànà iná, ilẹ̀ gbalasa tí iná kò lè fò kọjá, kí ọ̀ẹ̀rùn tó dé, bí a ṣe ń tọ ààlà igbó ọba láìṣìnà, bí a ṣe ń fi èèpo àti òórùn mọ igi tí ewé rẹ̀ ga jù fún ojú. Ṣùgbọ́n ìrókò ni ọ̀gá fi ṣe ìdánwò wa. Wọ́n ní igi tíìkì rọrùn, gbogbo ènìyàn ló lè gbìn ín. Ìrókò ni kò sẹ́ni tó ń gbìn, òun sì ni àwọn onípákó ń gé lójoojúmọ́. Olúkúlùkù yóò tọ́ ìrókò tirẹ̀ láti wóró, yóò gbìn ín sí oko tirẹ̀. Bí òjò bá dá ẹnu dúró nínú oṣù kẹjọ, ọ̀gá àgbà kan yóò wá láti Ìbàdàn wá wò ó. Ẹni tí igi rẹ̀ bá kú, kí ó di ẹrù rẹ̀.

Báyìí la bẹ̀rẹ̀. Àdán ló bá wa ṣa èso. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lóru, wọ́n á já a sílẹ̀, àwa á lọ he é láàárọ̀, a ó fi ọwọ́ rún un nínú omi. Ó ń rùn, ọwọ́ wa ń rùn, oúnjẹ wa ń rùn. Wóró rẹ̀ kò tó wóró ata. A gbìn ín sínú yẹ̀pẹ̀ kíkù, a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín. Ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún yẹn kò fẹ́ lọ. Odò ń fà sẹ́yìn lójoojúmọ́ bí ẹni tó jẹ gbèsè, àwa náà ń lé e lọ. Nígbà tó yá, kì í ṣe garawa la fi ń bu omi mọ́, igbá ni, ká tó dà á sí garawa, ká tó gùnkè. Ara wa gbẹ. Mo wá rí i pé igi kéékèèké yẹn ń mu omi ju àwa lọ.

Nígbà tí òjò dé, a kó wọn lọ sóko. Ibi tí iṣẹ́ náà ti dojú rú nìyí. Kòkòrò kan wà tó fẹ́ràn ewé ìrókò. Bó bá wọ inú rẹ̀, ewé náà á wú kókó bí ojú ẹni tí agbọ́n ta, orí igi á sì kú. Bí ìrókò bá sún mọ́ra, kòkòrò náà á ti ara ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí náà ọ̀gá ní ká gbìn wọ́n jìnnà síra, ká fi wọ́n pamọ́ sáàárín ẹ̀gẹ́, ká má sì ro ìdí wọn mọ́ jù. "Ẹ jẹ́ kí koríko bò wọ́n díẹ̀," ni wọ́n wí. "Ohun tí kòkòrò kò bá rí, kò ní jẹ." A kan ọ̀pá mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí a lè máa rí wọn. Ọ̀pá tèmi, ikán jẹ gbogbo rẹ̀. Mo ń sọ pé lọ́la ni n ó gé ọ̀pá tuntun. Lọ́la ń dé, èjìká mi ń dùn mí, lọ́la mìíràn ń dé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀gá Ìbàdàn dé, ibà gbé mi ṣánlẹ̀. Mo wárìrì títí eyín mi fi ń lura wọn. Ará Kuta se ewé dóńgóyárò fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.

"Má kú o," ni ó wí. "Bí o bá kú, èmi ni wọn yóò ní kí n bá ọ bomi rin oko rẹ."

Ó ránṣẹ́ sí ìyá mi lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń lọ sí ọjà Ìwó. Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tòun ti ẹ̀kọ, ẹ̀fọ́ gbúre àti kẹ́tùlù àlùwàlá wọn. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi. Wọ́n bọ́ mi bí ẹni ń bọ́ ọmọdé, wọ́n lọ sùn sí yàrá ìyá tó ń se oúnjẹ fún wa.

Nígbà tí mo lajú láàárọ̀, oòrùn ti yọ dáadáa, ara mi sì ti fúyẹ́. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ mu wọn dé orúnkún. Mo fẹ́ dìde kí n dọ̀bálẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ní kí n má ṣe é.

"Ṣé o sùn, ọkọ mi?"

"Mo sùn, ìyá mi. Ẹ káàárọ̀. Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Oko rẹ ni. Nígbà tí mo kírun àsùbá tán, mo ní kí ọ̀rẹ́ rẹ fi hàn mí kó tó lọ sódò." Wọ́n jókòó sórí àpótí mi, wọ́n mí kanlẹ̀. "Oko yẹn dà bí orí wèrè. Ojú tì mí fún ọ. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé agbo ilé ọ̀lẹ lo ti wá. Mo ti bá ọ ro ó."

"Ẹ ṣeun, ìyá mi."

"Àbí ìwọ náà kò rí i ni? Ìrókò tó wà níbẹ̀ pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń roko, mi ò rí ilẹ̀ tó ń hu ìrókò bẹ́ẹ̀ rí. Bí mo ṣe ń yí ìdí ẹ̀gẹ́ kan sí òmíràn ni mo ń rí i. Mo fà wọ́n tu tán. Mo gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí wọn dànù, mo dorí wọn kodò sórí àpáta kí oòrùn lè rí wọn." Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì jáde, wọ́n ń wò ó, ọwọ́ náà ti lé ròrò. "Kékeré la ti ń pẹ̀kàn ìrókò. Bí o bá jẹ́ kó dàgbà, o máa wá rí i pé oko ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ."

Mi ò lè ṣàlàyé bí ara mi ṣe rí. Ibà tó ti lọ, mo wá fẹ́ kó padà. Gbogbo omi tí mo rù láti ọ̀ẹ̀rùn, gbogbo èso tó rùn, gbogbo òkè tí mo gùn, ìyá mi ti tò wọ́n sórí àpáta kí oòrùn lè rí wọn. Kò sì sí àgbẹ̀ kan láti Ìwó títí dé Ilé-Ogbó tí kò ní ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nìyẹn. Ta ló ti gbọ́ pé ènìyàn gbin ìrókò rí?

Mo wo ọwọ́ ìyá mi. Mo wo ẹrẹ̀ orúnkún wọn.

"Ẹ ṣeun, ìyá mi," ni mo tún wí. "Ẹ kú iṣẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

"Àmín." Inú wọn dùn. Wọ́n jẹ ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ọ̀sán padà sílé.

Bí ọkọ̀ ti ṣí, mo rá dé oko. Oko náà mọ́ féfé, ẹ̀gẹ́ nìkan ló dúró bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá lórí. Ará Kuta bá mi níbi àpáta tí mo ti ń kó wọn. Ewé wọn ti ká, ìdí wọn ti gbẹ.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ìyá mi ni. Wọ́n bá mi roko."

Ó ya ẹnu, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde. "O sọ fún wọn?"

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ó jókòó tì mí. Ó ní, "Èmi ni mo fi oko hàn wọ́n. Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ wò ó ni." Ó lọ po ẹrẹ̀, a ki ìdí wọn bọ̀ ọ́, a sì tún wọn gbìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A bu omi sí wọn, a tún fi imọ̀ bò wọ́n. Àwọn igi yẹn kò jí. Ìrókò kékeré kò fẹ́ kí ènìyàn yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá Ìbàdàn dé pẹ̀lú bàtà tó mọ́ jù. Ó rìn káàkiri oko mi, ó dúró, ó fi ọ̀pá kan ẹ̀gẹ́ kan. "Ẹ̀gẹ́ rẹ dára," ló wí. "Ìrókò rẹ dà?"

Ọ̀gá wa ni mo dá lóhùn, nítorí ojú wọn ni mo lè wò. "Ìyá mi bá mi roko nígbà tí ibà ń ṣe mí, sà. Wọn ò mọ̀ pé gbígbìn ni."

Ọ̀gá Ìbàdàn ní kí n di ẹrù mi. Ọ̀gá wa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo kàn gbọ́ ibi tí ọ̀gá wa ti ń sọ pé, "Gbogbo àgbẹ̀ tí a ó bá pàdé nínú iṣẹ́ yìí, ìyá ọmọ yìí ni. Ẹ jẹ́ kó dúró, ó ti mọ̀ wọ́n." Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n sọ fún mi pé kí n tún ọdún náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ àdán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Bí mo ṣe wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo ń wo odò lókèèrè láàárín igi, ó rẹ̀ mí dé eegun.

Ará Kuta wọ káàkì, wọ́n gbé e lọ sí igbó mìíràn. Kó tó lọ, ó fi garawa rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. "Ó ń jò díẹ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà."

Nígbà tí mo lọ kí ìyá mi nílé, wọ́n bèèrè. "Ọ̀rẹ́ rẹ ti wọ káàkì, mo rí i lọ́jà. Tìrẹ ńkọ́?"

"Ó ku díẹ̀, ìyá mi."

"Àbí ojú kan lo dúró sí ni, tí o kò ṣe bí ẹgbẹ́ rẹ?"

"Ó ku díẹ̀."

Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bóyá orí mi kò gba ìwé. Ìyá mi gbọ́, wọ́n ń bá wọn jà, mo sì jẹ́ kí wọ́n máa jà. Mo padà sídìí omi. Ọdún kejì yẹn, mi ò ní ẹni tí mo lè bá ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn tuntun kéré sí mi, wọ́n ń pè mí ní bọ̀ọ̀dá, wọ́n sì ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Mo ru omi. Mo rún èso. Mo gbìn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gé ọ̀pá igi ayùnrẹ́ tó nípọn, mo kàn án mọ́ ìdí gbogbo ìrókò mi, ikán ò rí i jẹ.

Ìyá mi tún wá nígbà òjò, láìsí pé ara mi kò yá. Wọ́n ní àwọn kàn wá wò mí ni. Kí wọ́n tó sọ ẹrù, wọ́n ti ń wo ìhà oko.

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ni mo wí.

A dé ibẹ̀. Ìyá mi dúró léteetí, wọ́n ń wo ọ̀pá tó tò lọ láàárín ẹ̀gẹ́ àti koríko.

"Kí ni àwọn ọ̀pá yìí wà fún?"

"Ìdí ìrókò ni wọ́n wà, ìyá mi. Òun ni wọ́n ní ká máa tọ́."

"Tọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi. A ń gbìn ín ni."

Ìyá mi wọ inú oko lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ọ̀pá kan, wọ́n fi ìka ya koríko, wọ́n rí ewé náà. Wọ́n lọ sídìí ọ̀pá mìíràn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ìdí àpáta. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Èyí tí mo fà tu lésìí ńkọ́?"

Mi ò lè purọ́, mi ò sì lè sọ ọ́.

"Ìdí nìyẹn tí o fi wà níbí lọ́dún yìí."

"Ẹ má bínú, ìyá mi."

"Èmi ni n ó bínú?" Wọ́n yíjú padà. "O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. O dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, o tún ṣàdúrà fún mi. Mo dé ilé, mo ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé mo bá ọmọ mi roko ọba. Kí ló dé tí o fi dúpẹ́?"

"Ó ti rẹ̀ yín," ni mo wí. Kò sí ìdáhùn mìíràn lẹ́nu mi, kò sì tíì sí títí di òní.

Ìyá mi ká ìró wọn sókè, wọ́n kúnlẹ̀ sínú koríko, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tu èpò tó wé mọ́ ẹ̀gẹ́, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi àyè sílẹ̀ fún ibi tí ọ̀pá wà. Èmi náà kúnlẹ̀ sí òdìkejì. Oòrùn ń lọ. Ọwọ́ ìyá mi ń yára bó ṣe máa ń yára, ó ń mú, ó ń fà, ó ń jù, àfi bí ọwọ́ náà ṣe dé ìdí ọ̀pá kan tó wọ inú àyè tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ìrókò náà ti wà lọ́wọ́ wọn, yẹ̀pẹ̀ ń ré sílẹ̀ ní ìdí rẹ̀.

Àwa méjèèjì wò ó.

Wọn ò gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù. Wọ́n dá a padà sínú ihò tó ti jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ya ewé ẹ̀gẹ́ kan, wọ́n fi bò ó lórí.

"Omi," ni ìyá mi wí.

Mo gbé garawa, mo kọrí sódò.